Fíìmù Kannada "99" tí wọ́n tún yà láti ara "96" ti Tamil: kí ló yí padà, kí ni kò yẹ kó yí?

Adùnní_Wòran:
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ojú-òpó yìí. "99" ni mo gbé wá lónìí, fíìmù ìfẹ́ ní èdè Kannada, èdè àwọn ará ìpínlẹ̀ Karnataka ní gúúsù Íńdíà. Ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún 2019 ló jáde. Preetham Gubbi ló darí rẹ̀, Ganesh ṣe Ram, Bhavana ṣe Jaanu. "96" ti àwọn Tamil, ìyẹn àwọn ará ìpínlẹ̀ Tamil Nadu tó múlé ti Karnataka, tó jáde ní oṣù Kẹwàá 2018, ni wọ́n tún yà.

Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ òpin ìtàn kó yáa máa lọ, torí a óò sọ gbogbo rẹ̀. Ọmọ kíláàsì kan náà ni Ram àti Jaanu. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn, kò sẹ́ni tó là á lẹ́nu. Àwọn ará ilé Ram kó kúrò nílùú lójijì, ó sì di ọ̀pọ̀ ọdún kí àwọn méjèèjì tó tún fojú kan ara wọn níbi ìpàdé àwọn ọmọ ilé-ìwé àtijọ́. Jaanu ti lọ́kọ, ó ti bímọ, Singapore ló ń gbé. Ram kò fẹ́ ẹnikẹ́ni. Òru ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní kí bàlúù tó gbé obìnrin padà lọ.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀: kí ni "99" yí padà gan-an, ṣé àdàkọ lásán ni, èwo ló sì yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wò? Ẹ má fi "ó dùn" tàbí "kò dùn" dá mi lóhùn o. Ẹ sọ ibi tó ti dùn.

Baba_Rẹ́díò:
Adùnní, o ṣeun. Jẹ́ ká ti orí àkọlé bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń yára kọjá.

"96" ni ọdún tí sẹ́ẹ̀tì wọn jáde, 1996, fíìmù sì jáde ní 2018. Ọdún 22 nìyẹn. Ti Kannada mú 1999, ó jáde ní 2019, ogún ọdún géérégé. Àwọn Telugu, tí àwọn náà wà ní gúúsù Íńdíà, tún un yà, wọ́n pè é ní "Jaanu", ó jáde ní oṣù Kejì 2020, wọ́n sì fa ọdún ilé-ìwé wá sí 2004. Ẹ má rò pé nọ́ńbà lásán ni. Gbèsè bàbá Ram ló lé wọn kúrò nílùú, wọn ò fi àdírẹ́sì sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ní Íńdíà, ọdún 1995 ni wọ́n kọ́kọ́ fi fóònù alágbèéká pe ara wọn. Ní 1996, olówó ló ń mú un lọ́wọ́, àwọn yòókù ń tò síwájú búkà tẹlifóònù tí wọ́n kọ STD, ISD, PCO sí lára. Bí ọ̀rẹ́ ọmọ ilé-ìwé kan bá kó lọ nígbà yẹn, ó lọ nìyẹn. Ní 1999, ọ̀rọ̀ náà ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní 2004 ńkọ́? Ọdún yẹn gan-an ni Orkut, ojú-òpó ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, dé, kò sì pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ Íńdíà fi kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Òǹwòran á bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí wọn ò wá ara wọn níbẹ̀.

Bí o bá ṣe ń fa ọdún náà súnmọ́ tòní, bẹ́ẹ̀ ni ìyapa wọn ń di ohun tó ṣòro láti gbà gbọ́. Ọdún mẹ́ta péré ni "99" fi kún un, ọgbọ́n wà níbẹ̀.

Kọ́lá_Aláwòrán:
Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe ẹnì kan náà ló darí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni? Mo rò pé Prem Kumar náà ló kó gbogbo rẹ̀ dání.

Àyọ̀ká:
Rárá, Bọ̀dá Kọ́lá. C. Prem Kumar ló darí ti Tamil, òun náà ló darí ti Telugu. Ti Kannada nìkan ló bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ ká gbé ẹ̀dà méjì yẹn kalẹ̀ síwájú ara wọn, nítorí ọ̀nà wọn yàtọ̀ pátápátá. Àwọn Telugu pa olùdarí mọ́, wọ́n pa Govind Vasantha tó ṣe orin mọ́, kódà Gouri Kishan tó ṣe Jaanu nígbà ọmọdé nínú ti Tamil ni wọ́n tún mú. Ọdún, ìlú àti àwọn òṣèré àgbà ni wọ́n yí: Samantha àti Sharwanand ló dúró níbi tí Trisha àti Vijay Sethupathi ti dúró. Ní Kannada, olùdarí yí, ẹni tó ru kámẹ́rà yí (Santhosh Rai Pathaje ni), orin yí, gbogbo òṣèré yí, ṣùgbọ́n ìtàn àti orúkọ àwọn méjèèjì dúró síbi tó wà. Ram náà ni, Jaanu náà ni.

Ẹ tún wo àkókò. Láti oṣù Kẹwàá 2018 sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún 2019, oṣù méje ni. Inú oṣù méje yẹn ni wọ́n ti ra ẹ̀tọ́ ìtàn, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ẹnu sí Kannada, wọ́n yan òṣèré, wọ́n ya á, wọ́n gé e, wọ́n ṣe orin. Ẹni tí kò bá ní ju ìyẹn lọ kò lè tún ìtàn hun láti ìsàlẹ̀. Ó máa tẹ̀lé ojú ọ̀nà tó bá nílẹ̀ ni.

Kọ́lá_Aláwòrán:
Mo gbà. Mo jáwọ́ lórí ìyẹn.

Olóhùn_Arò:
Ọ̀rọ̀ orin ni mo fẹ́ dá sí, torí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà wà.

Orúkọ Jaanu ní kíkún ni Janaki, wọ́n sì fi sọrí S. Janaki, akọrin ńlá gúúsù Íńdíà tí wọ́n bí ní 1938, òun náà ló kọ oyè Padma Bhushan sílẹ̀ ní 2013. Nínú "96", ọmọbìnrin yìí ló máa ń kọrin ní kíláàsì. Gbogbo ìgbà ni Ram máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ orin kan, "Yamunai Aatrile", gbogbo ìgbà náà ni Jaanu máa ń kọ orin mìíràn. Orin kúkurú ni, láti inú fíìmù "Thalapathi" ti 1991, Ilaiyaraaja ló ṣe é. Ó dá lórí Radha tó dúró létí odò Yamuna tó ń retí olólùfẹ́ rẹ̀ Krishna, òrìṣà àwọn Híńdù. Ìdúródeni ni gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjìlélógún, nínú yàrá Ram ní Chennai, wọ́n mú iná lọ, ilé ṣókùnkùn, Jaanu bá gbé orin yẹn láìsí ìlù, láìsí fèrè. Ram ń sáré, ó ń ta gìrọ́gìrọ́ kiri ilé, ó ń wá iná tó máa fi rí ojú ẹni tó ń kọrin.

Ẹ wo iye nǹkan tó gbọ́dọ̀ bọ́ sójú kan kí ìran yẹn tó ṣiṣẹ́. Orin náà gbọ́dọ̀ ti wà kí wọ́n tó wọ kíláàsì yẹn. Òǹwòran gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, kó ti wà lẹ́nu ìyá rẹ̀, kó ti gbọ́ ọ lórí rédíò. Ó gbọ́dọ̀ ṣeé kọ láìsí ohun èlò kankan. Ìtumọ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí obìnrin tó ti lọ́kọ ò lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Bí o bá gbé orin tuntun síbẹ̀, bó ti wù kó dùn tó, ìran náà kú, torí òǹwòran kò bá Ram retí rẹ̀.

Ibi tí Kannada ti rí ojú rere ni pé S. Janaki kọrin jaburata ní Kannada pẹ̀lú, kò sí ilé tí wọn ò mọ ohùn rẹ̀. Orúkọ Janaki kò nílò àlàyé kankan ní Bengaluru, olú-ìlú Karnataka. Ilaiyaraaja náà kì í ṣe àlejò wọn: òun ló ṣe orin "Geetha" ní 1981, níbi tí S. Janaki àti S. P. Balasubrahmanyam ti kọrin pọ̀, òun náà ló ṣe "Pallavi Anu Pallavi" ní 1983, fíìmù àkọ́kọ́ tí Mani Ratnam darí, Kannada ni. Ohùn orin tó wà nínú ìkejì yẹn, ilé-iṣẹ́ fóònù Idea mú un ṣe ìpolówó lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, tí gbogbo Íńdíà fi mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbin ìtàn yìí sí ti lọ́ràá tẹ́lẹ̀.

Baba_Rẹ́díò:
Olóhùn, o sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi kékeré kún un. Wọ́n ya ìran kan fún "96" tí Ram àti Jaanu fi lọ kí S. Janaki fúnra rẹ̀ nílé. Wọ́n gé e kúrò nínú fíìmù, wọ́n wá gbé e jáde lọ́tọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Gígé tí wọ́n gé e dára, lójú tèmi. Òru kan ni wọ́n ní. Bí àgbà akọrin bá wọlé, ojú gbogbo wa á kúrò lára àwọn méjèèjì.

Olóhùn_Arò:
Baba, òótọ́ ni.

Mo ṣì ní ọ̀rọ̀ kan lórí ohùn. Chinmayi Sripaada ló fi ohùn sí ẹnu Trisha nínú "96", ìyẹn ọ̀rọ̀ sísọ. Òun náà ló kọ orin tí Jaanu ń kọ. Nítorí náà, bí obìnrin yẹn bá kúrò nínú ọ̀rọ̀ bọ́ sínú orin, ohùn rẹ̀ kì í yí. Ọ̀pọ̀ fíìmù Íńdíà ni èyí ti máa ń bàjẹ́: òṣèré á sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn kan, á la ẹnu orin, ohùn ẹlòmíràn á jáde. Nínú fíìmù tó kún fún ijó, ta ló bìkítà? Nínú yàrá tó ṣókùnkùn, tí kò sí ohun èlò kankan, etí á gbé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ fi èyí dán ẹ̀dà èyíkéyìí wò. Ẹ di ojú, ẹ tẹ́tí sí gbólóhùn tó kẹ́yìn kó tó gbé orin àti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ orin náà.

Sọjí_Èrò_Bengaluru:
Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ orin, èmi ń bèèrè ìdí tí wọ́n fi tún un yà rárá. Àwọn tó gbọ́ Tamil pọ̀ jáǹrẹrẹ ní Bengaluru, Tamil, Telugu àti Hindi sì ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà ní sinimá ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wo "96" ti wò ó. Kódà, tẹlifíṣọ̀n Sun TV gbé e sáfẹ́fẹ́ lọ́jọ́ Deepavali, ọdún àwọn Híńdù, ní oṣù Kọkànlá 2018, kò ju bí oṣù kan àti ọjọ́ díẹ̀ lọ tó jáde, Trisha fúnra rẹ̀ sì bẹ̀ wọ́n ní gbangba pé kí wọ́n sún un síwájú. Nígbà tí "99" fi máa dé, ta ló kù tí kò tíì sunkún tán?

Àyọ̀ká:
Sọjí, Bengaluru nìkan kọ́ ni Karnataka. Mandya ńkọ́, Hubballi ńkọ́, Shivamogga ńkọ́? Èèyàn tí Kannada nìkan yé, báwo ló ṣe fẹ́ wo "96"?

Sọjí_Èrò_Bengaluru:
Kí wọ́n fi ohùn Kannada bò ó, kí wọ́n gbé e lọ fún wọn. Ó rọrùn, owó rẹ̀ kéré.

Baba_Rẹ́díò:
Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, Sọjí. Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn òṣìṣẹ́ fíìmù Kannada ti kọ fífi ohùn Kannada bo fíìmù èdè mìíràn. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé fíìmù Tamil, Telugu àti Hindi tó lówó lọ́wọ́ máa gba sinimá lọ́wọ́ wọn, iṣẹ́ á sì bọ́ lọ́wọ́ àwọn òṣèré, akọ̀wé àti akọrin wọn. Òfin ìjọba kọ́, àdéhùn àárín wọn ni, ṣùgbọ́n ó mú. Ọdún 2015 ni àjọ tó ń rí sí ìdíje ọjà ní Íńdíà dá ẹjọ́ pé àdéhùn náà lòdì sófin, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé àwọn ẹgbẹ́ kan lórí. Ìgbà yẹn ni ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀díẹ̀.

Ó tó nǹkan bí àádọ́ta ọdún, nígbà náà, tó jẹ́ pé àtúnyà ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí ìtàn Tamil fi lè wọ Kannada. Àṣà náà ti jinlẹ̀ kí òfin tó yí. "Autograph" tí Cheran ṣe ní Tamil ní 2004, Sudeep tún un yà ní 2006, ó pè é ní "My Autograph", òun náà ló darí, òun náà ló ṣe olórí òṣèré. "Kaadhal" ti 2004, S. Narayan tún un yà ní 2007, "Cheluvina Chittara". Ta sì ni olórí òṣèré níbẹ̀? Ganesh yìí kan náà. Ìgbà àkọ́kọ́ kọ́ nìyí tí wọ́n máa gbé ìfẹ́ Tamil lé e lórí.

Ẹ má gbàgbé ìjà lórí omi odò Kaveri láàárín Karnataka àti Tamil Nadu. Bí ìjà yẹn bá gbóná, fíìmù Tamil máa ń wọ ìṣòro ní Karnataka. Ìtàn tó bá wọ aṣọ Kannada kì í rí irú rẹ̀.

Sọjí_Èrò_Bengaluru:
Ẹ ṣé, Baba. Èyí yé mi. Àmọ́ kò dá mi lóhùn tán. Ó ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi ń tún fíìmù yà, kò ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi mú èyí. "Kaadhal" ní ìjà, ó ní sísá lọ, ó ní mẹkáníìkì tó ya wèrè. Èèyàn lè tún un yà ní èdè mẹ́wàá. "96" kò ní nǹkan kan ju èèyàn méjì tó ń sọ̀rọ̀ láti alẹ́ di òwúrọ̀. Bí o bá mú ojú àti ohùn kúrò, kí ló kù?

Tíṣà_Èdè:
Èdè ló kù, Sọjí. Ẹ jẹ́ ká wo ohun kan tí àwa Yorùbá máa tètè gbọ́ ju àwọn tó ń ka ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń yọ nísàlẹ̀.

Tamil ní "nee" fún ẹgbẹ́ ẹni, "neenga" fún àgbà. Kannada ní "neenu" àti "neevu". Telugu ní "nuvvu" àti "meeru". "O" àti "ẹ" tiwa gẹ́lẹ́ ni. Gẹ̀ẹ́sì á kọ "you" sí gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ á di pẹlẹbẹ. Ní ibi ìpàdé yẹn, àgbàlagbà ni gbogbo wọn, ọ̀pọ̀ ti di bàbá àti ìyá ọmọ, ṣùgbọ́n "nee" ni wọ́n ń pe ara wọn, ọkùnrin á tún gbọ́ "da" lẹ́yìn ọ̀rọ̀, bí ìgbà tí wọ́n wà ní kíláàsì. Àwọn ọmọ tí Ram ń kọ́ ní fọ́tò kò jẹ́ pè é bẹ́ẹ̀ láé. Ní Kannada, "kano" ni wọ́n máa ń fi sẹ́yìn ọ̀rọ̀ fún ọkùnrin, "kane" fún obìnrin, ó sì wọ ibi tí "da" àti "di" wà nínú Tamil láìfi ibì kan gbòòrò. Ẹni tó bá tú u sí Hindi máa làágùn.

Ẹ̀kejì, òpin ọ̀rọ̀. Nínú orin Tamil, ọ̀rọ̀ lè parí sórí kọ́ńsónáǹtì: "kan" ni ojú, "paal" ni wàrà. Kannada kì í fẹ́ bẹ́ẹ̀; "kannu" ni yóò pè é, "haalu" ni wàrà. Fáwẹ̀lì ló fi ń pa ilẹ̀kùn dé, bíi tiwa. Bí o bá wá fẹ́ kó ọ̀rọ̀ Kannada sínú ohùn orin tí wọ́n ṣe fún Tamil, sílébù kan á máa lé lẹ́yìn ní òpin ìlà. O lè gé ọ̀rọ̀, o lè fa ohùn, méjèèjì ló ń hàn sí etí.

Olóhùn_Arò:
Tíṣà, ẹ ti dáhùn ohun tí mo fẹ́ bèèrè. Ìdí nìyẹn tó fi bọ́gbọ́n mu pé "99" gbé orin fún Arjun Janya kó ṣe tuntun dípò kó gba ti Govind Vasantha. "99" yìí ni fíìmù ọgọ́rùn-ún tí Arjun Janya ṣe orin fún, ọwọ́ rẹ̀ ti yọ̀ nínú Kannada. Ọ̀rọ̀ àti ohùn jọ bí ni.

Àdánù tó wà níbẹ̀ náà ò kéré. Atafayolín ni Govind Vasantha, ọmọ ẹgbẹ́ olórin Thaikkudam Bridge ti Kerala, fayolín rẹ̀ ló sì ń sọ ohun tí Ram kò lè sọ nínú "96". Ọkùnrin yẹn kì í sọ̀rọ̀. Bí o bá yọ fayolín kúrò, o ti yọ ìdajì ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìyẹn, o sì gbọ́dọ̀ fi nǹkan mìíràn dí i: ojú òṣèré, tàbí ìdákẹ́jẹ́. Ẹni tó bá fi orin tó kún yàrá dí i ti ba á jẹ́.

Kọ́lá_Aláwòrán:
Ìyẹn ló gbé wa dé orí Ganesh. Níbi yìí mi ò ní gbà fún ẹnikẹ́ni: kò yẹ kí wọ́n gbé Ram fún un. Ohun tó sọ ọ́ di ìràwọ̀ ni "Mungaru Male" ti 2006, tó lò ju ọdún kan lọ ní sinimá ní Bengaluru. Ọ̀rọ̀ ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀ níbẹ̀ bí òjò, àwàdà, ẹ̀bẹ̀, ìráhùn. Ram kì í sọ̀rọ̀. Lọ́mọdé, Jaanu kan gbé ọwọ́ lé e láyà, ó dákú. Bí aláròyé bá dákẹ́, àwa òǹwòran á kàn máa dúró de ìgbà tó máa bẹ̀rẹ̀ ni.

Àyọ̀ká:
Bọ̀dá Kọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo òpin "Mungaru Male" náà. Ó fẹ́ràn ọmọbìnrin, ó sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Preetham Gubbi tó darí "99" ló ní ìtàn "Mungaru Male". Àwọn méjèèjì mọ ọkùnrin tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ̀ǹda ìfẹ́ kí "96" tó wà. Ganesh àti Bhavana náà sì ti jọ ṣeré rí, nínú "Romeo" ní 2012, ojú wọn ò ṣàjèjì sí ara wọn.

Kọ́lá_Aláwòrán:
Yíyọ̀ǹda pẹ̀lú ariwo yàtọ̀ sí yíyọ̀ǹda ní ìdákẹ́. Ibẹ̀ ni mo dúró sí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ojú kámẹ́rà sọ ọ́. Kámẹ́rà ni Prem Kumar ń rù kó tó darí "96", òun ló ya "Naduvula Konjam Pakkatha Kaanom" ti 2012, tí Vijay Sethupathi ṣe. "96" ni fíìmù àkọ́kọ́ tó darí, ó sì sọ Ram di afọ́tò. Ẹ wo ibi tí àwọn ọmọ tí Ram ń kọ́ bá wọn pàdé. Wọ́n rò pé ìyàwó rẹ̀ ni Jaanu, wọ́n ní kó sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ra. Òótọ́ ni pé Ram wá Jaanu lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ nígbà kan, ó ránṣẹ́ sí i. Jaanu rò pé ọmọkùnrin kan tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ni, kò jáde, Ram sì gbà pé ó ti kọ òun, ó lọ. Ní iwájú àwọn ọmọ yìí, Jaanu wá sọ ìtàn náà bí ìgbà pé òun jáde lọ́jọ́ yẹn, òun rí Ram, wọ́n sì fẹ́ra. Irọ́ tó ń pa náà ni ayé tí wọn ì bá ti jẹ. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ojú Ram ni kí ẹ máa wò ní gbogbo ìgbà tí Jaanu ń sọ̀rọ̀. Òṣèré tó bá sunkún níbẹ̀ ti tètè ná owó rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀, torí àwọn ọmọ ń wò ó, kó sì wolẹ̀ díẹ̀, torí Jaanu náà ń wò ó.

Ìran yẹn ni òṣùwọ̀n mi fún ẹ̀dà èyíkéyìí.

Sọjí_Èrò_Bengaluru:
Hẹn-ẹn. Ìyẹn ni mò ń sọ nígbà tí mo ní bí o bá mú ojú kúrò kò sí ohun tó kù.

Tíṣà_Èdè:
Ẹ tún mú àpótí tí Ram ń kó nǹkan ìrántí sí náà mọ́ ọn. Ní ọjọ́ tí wọ́n parí ìdánwò, Jaanu wọ́n yíǹkì láti inú kálàmù rẹ̀ sí aṣọ ilé-ìwé Ram tó funfun. Ní Íńdíà, àwọn ọmọ ilé-ìwé máa ń wọ́n yíǹkì sára ara wọn lọ́jọ́ ìkẹyìn, kò sí ẹni tó máa ka ìyẹn sí nǹkan bàbàrà. Ram kò fọ aṣọ yẹn. Ó wà nínú àpótí rẹ̀ pẹ̀lú àwọn nǹkan ìrántí mìíràn. Ní òpin fíìmù, lẹ́yìn tó sin Jaanu dé pápákọ̀ òfúrufú, ó padà délé, ó bá aṣọ tí Jaanu bọ́ sílẹ̀ nígbà tí òjò pa á, ó ká a, ó fi í sínú àpótí kan náà, ó pa á dé. Aṣọ méjì ni gbogbo ohun tó ní lára obìnrin yìí: ọ̀kan tó lẹ́rìí yíǹkì, ọ̀kan tí òjò rin.

Ẹni tó bá ń tún fíìmù yìí yà lè yí ìlú, ó lè yí ọdún, ó lè yí orin. Bó bá lọ fún àpótí yẹn ní nǹkan olówó iyebíye, wúrà tàbí lẹ́tà gígùn, gbogbo rẹ̀ á tú.

Adùnní_Wòran:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́. Èwo ni kí n wá kọ́kọ́ wò? Àkókò tí mo ní kò ju fíìmù méjì lọ.

Àyọ̀ká:
"96" kọ́kọ́. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú méjìdínlógójì ni, jókòó tì í. Má wo "99" lọ́jọ́ kejì, ojú Vijay Sethupathi á ṣì wà lójú rẹ, Ganesh ò ní rí ìdájọ́ òdodo gbà. Fi ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta sáàárín. Ti Telugu lè dúró.

Olóhùn_Arò:
Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé o kò gbọ́ ọ̀kankan nínú èdè méjèèjì, "99" ni kí o kọ́kọ́ wò, lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kí o tó mọ ohun tó pàdánù. Ṣùgbọ́n kó o tó wo èyíkéyìí, gbọ́ "Yamunai Aatrile" ti 1991 lẹ́ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin, kó o tún gbọ́ orin S. Janaki méjì ní Kannada. Kò gbà ju ìdajì wákàtí lọ. Bí kò bá sí létí rẹ tẹ́lẹ̀, ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ, obìnrin kan tó ń kọrin lókùnkùn ni wàá rí.

Baba_Rẹ́díò:
Adùnní, ti Olóhùn ni kó o ṣe lórí orin, ti Àyọ̀ká ni kó o ṣe lórí ètò. Tó o bá ń wò ó, rí i pé ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ náà ń túmọ̀ orin pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ẹ̀dà ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan, tí orin bá dé, ìsàlẹ̀ á ṣófo. Yẹ orin àkọ́kọ́ wò. Bí kò bá sí ìtumọ̀ níbẹ̀, wá ẹ̀dà mìíràn kó o tó jókòó.

Adùnní_Wòran:
Mo ti yẹ èyí tó wà lọ́wọ́ mi wò, Baba. Ìsàlẹ̀ ṣófo lóòótọ́. Mò ń wá òmíràn.